Akọ, Abo àti Fáànù

Fáànù ló ń dá ìjà sílẹ̀ nílé Dókítà. Ọkọ rẹ̀, tó ń ránṣọ ní pálọ̀, fẹ́ kó máa yí tọ̀sán-tòru. Òtútù sì ń mú ìyàwó.

"Ìyá Àkèré, ẹ̀jẹ̀ akọ gbóná ju ti abo lọ. Bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn."

"Olówó orí mi, ẹnu dùn-ún ròfọ́. Àwọn àkèré mi ni yóò dá wa lẹ́jọ́."

Wọ́n fẹnu kò: bí họ́mónù akọ bá ń mú ara ṣiṣẹ́ kíákíá, fáànù di ti ọkọ, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, pípa ló máa wà títí òjò yóò fi dé.

Àkèré ni iṣẹ́ Dókítà. Ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá, ló ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn: ṣé họ́mónù akọ tàbí ti abo ló ń tì í, àbí ooru omi? Àwọn àkèré náà jọra bí ìbejì. Ẹni tó tà wọ́n ló ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Dókítà pín wọn sí ọpọ́n mẹ́rin: akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀, nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti nínú omi tútù. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ irú àkèré àti ti irú omi nìkan ló kọ sára ọpọ́n. Kì í fẹ́ àsọdùn.

Bàbá Ọlọ́pọ́n ló ń kó wọn sínú korobá láràárọ̀ kó tó fọ ilé wọn.

"Bàbá, ṣé ẹ kì í dà wọ́n pọ̀?"

"Èmi kẹ̀? Lẹ́tà ni mò ń tẹ̀ lé. Kálukú ń padà sílé ẹ̀."

Nígbà tí èsì jáde, ẹ́ńsáìmù àwọn inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ti inú omi tútù ń wọ́ ẹsẹ̀. Akọ àti abo? Ọgbọọgba. Dókítà fi èsì ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá sì ní kó wá sọ ọ́ níwájú gbogbo onímọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ó délé, ó pa fáànù. Òógùn bo ọkọ rẹ̀ nídìí máṣínì.

"Ṣé àkèré ló fojú mi rí màbo báyìí?"

"Ọ̀rọ̀ akọ ò sí níbẹ̀, olówó orí mi. Ooru ni. Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Bàbá Ọlọ́pọ́n pè é lórí fóònù: "Dókítà, ẹ kú oríire o, àkèré kan ti yé ẹyin nínú ọpọ́n A-L kìíní, òmíràn ti yé nínú ọpọ́n A-L kejì, èwo wá ni A ti akọ nínú méjèèjì?"