Ọmọ Edé Inú Báàfù Mẹ́ta

Ẹnì kan pa ọmọ edé Hàlímọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí.

Báàfù mẹ́ta ló tò sẹ́yìn ilé wọn ní Ìdèrè lọ́dún 1987. Láàárọ̀ Sọ́ńdè yẹn, gbogbo ohun tó wà nínú wọn ti sọ̀ sí ìsàlẹ̀, ó funfun bí ògì. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń bọ́ wọn nìyẹn, ẹyin sísè tó rún, tó sì fi aṣọ sẹ́, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Wọn ò tó ojú abẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò pè wọ́n ní kòkòrò omi. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara báàfù, kí wọ́n di edé gidi.

Zachariah, ará ọ́fíìsì àgíríkì tó ń ti Èrúwà wá, ti là á yé e: "Ìyá Àkíbù, bí eléyìí bá tún kú, mi ò ní edé olóyún mìíràn fún yín. Obìnrin kan ń bẹ̀ mí ní Ayétẹ̀."

Búrẹ́mọ̀ ọkọ rẹ̀ wà lórí ẹní látìgbà ìkórè, sòbìà ń yọ lórúnkún rẹ̀. Kò sí iṣu lóko. Nítorí ẹsẹ̀ yẹn ni Hàlímọ̀ ṣe gba iṣẹ́ ìlú létí adágún, Sátidé kan lóṣooṣù.

Sátidé àná, bó ṣe parí iṣẹ́ yẹn, ó pọnmi níbẹ̀ bọ̀, torí ó tó àkókò láti pààrọ̀ omi báàfù. Ó bu iyọ̀ sí i bí Zachariah ṣe kọ́ ọ, ó tọ́ ọ wò, ó dà á sí báàfù. Ẹnikẹ́ni ò bá a fọwọ́ kàn án.

"Sàrátù, kí lo dà sómi mi?"

"Ìyáálé mi, ẹ̀yin lẹ pọn ọ́n, ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ wò," ni ìyàwó kékeré dá a lóhùn. "Omi yẹn náà ni mo fi ro ẹ̀kọ yín láàárọ̀. Ṣé ẹ kú ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, Sọ́ńdè ni. Èwo ni ti Sọ́ńdè?"

"Hàlímọ̀, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," ni Búrẹ́mọ̀ wí látorí ẹní.

"Bí mo bá fi í sílẹ̀, kí la ó jẹ? Ẹsẹ̀ yín?"

Ó jáde, ó dúró sáàárín agboolé. Àwọn èèyàn yọjú.

"Ẹni tó da nǹkan sómi mi, kó dá mi lóhùn. Iná ò ní jó nínú ààrò kankan nílé yìí títí ó fi máa dá mi lóhùn. Mo ní, ta ni?"

Edith, nọ́ọ̀sì tó ń bá ìlú gbógun ti sòbìà, ló wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó na ìgò omi adágún sókè sí oòrùn: "Ìyá Àkíbù, ẹ kú iṣẹ́ o, òògùn sòbìà tí ẹ ń fọwọ́ ara yín dà sí adágún ní Sátidé ń jẹ́ gan-an, ẹ wò ó, kò ku kòkòrò wẹ́wẹ́ kan láàyè nínú omi yìí."