Ọwọ́ Tí Akéwì Fi Ń Kọ̀wé

Nana Shelke, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ṣúgà, kò fẹ́ kí Ashruba akéwì kú. Ìbò ku oṣù kan, òkú akéwì a sì máa pariwo ju alààyè lọ. Ohun tó fẹ́ ni pé kí ọkùnrin náà má kọ ewì mọ́ láyé rẹ̀. Èyí tó kọ nípa obìnrin tó kú sábẹ́ ẹrù ìrèké ti di orin lẹ́nu gbogbo àwọn tó ń gé ìrèké, ọ̀rọ̀ náà sì ká Nana lára.

“Ẹ bá mi fọ́ ọwọ́ tó fi ń kọ ọ́,” ló wí fún Dagdu. “Ẹ fọ́ ọ débi tí dókítà kankan ò ní lè tò ó.”

Ọdún mọ́kànlá ni Dagdu ti ń bá Nana na èèyàn, kì í sì í bèèrè ìdí. Balya tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló bèèrè pé ọwọ́ wo ni.

Dagdu mú un lọ sí ọ̀dọ̀ onítíì ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀, níbi tí Ashruba ti ń jẹun ọ̀sán. Akéwì náà fi ọwọ́ ọ̀tún bu bhakri, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọkà bàbà ṣe, ó fi í run ata, òun náà ló fi gbé ife tíì. Tòsì wà lórí itan rẹ̀. Ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó rí Dagdu, ó sì ń jẹun rẹ̀ lọ.

“Ṣé o ti rí i báyìí?” ni Dagdu wí. “Àbí o mọ ọmọlúàbí tó ń fi òsì kọ̀wé?”

Balya ní òun kò mọ̀kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n ká Ashruba mọ́ inú oko ìrèké. Dagdu fi orí kàn án nímú, ẹ̀jẹ̀ bo ẹ̀wù funfun tó wọ̀. Balya ń ta á nípàá níkùn títí tó fi bì. Nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ojú Dagdu nìkan ló sì ń wò.

“Ẹ kúkú ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀,” ó ní. “Ẹ fi ọ̀tún yìí sílẹ̀ fún mi. Òun ni mo fi ń kọ̀wé.”

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dagdu fi ọ̀pá irin lu ọwọ́ náà. Eegun run bí ìrèké gbígbẹ, ìka méjì rọ̀ dirodiro. Ashruba ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Balya bá tẹ ọwọ́ òsì mọ́lẹ̀, ó ní kí àwọn kúkú fọ́ méjèèjì.

Dagdu tì í dànù. “Ọ̀kan ni Nana rán wa. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún un, kó rí nǹkan fi ṣan ìdí.”

Balya rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ fún Nana, òun náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n bá ewì tuntun lára géètì ilé iṣẹ́ ṣúgà. Orúkọ Nana wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìkọ̀wé Ashruba tí gbogbo ìlú mọ̀ ni, kò yí padà rárá.

Nana ránṣẹ́ pe Dagdu. Nígbà tí Dagdu wọlé, ó bá ọ̀pá irin lórí tábìlì, ó bá Balya lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nana bi í bóyá ó ti mọ akéwì yẹn rí. Dagdu ní òun kò mọ̀ ọ́n. Nana ní kó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sórí tábìlì, ó sì gbé e síbẹ̀ láìjanpata.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Dagdu àti Ashruba fi jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ìgúnpá ọ̀tún Dagdu ń kọlu ìgúnpá òsì Ashruba lójoojúmọ́ bí àwọn méjèèjì bá ti ń kọ̀wé.