Irọ̀rí Ọkọ Alágbàfọ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹtàlélógún tí irọ̀rí ọkọ rẹ̀ ti ń tutù, alágbàfọ̀ náà bọ́ àpò irọ̀rí ọ̀hún, ó gbé e sí imú. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń fọ aṣọ olówó àti aṣọ òtòṣì. Kò sẹ́ni tó lè fi omi lásán tàn án. Òógùn gidi ni, ó ti ń fi àmì pípọ́n sílẹ̀ létí. Irọ̀rí kejì, èyí tó bá lábẹ́ orí ara rẹ̀ nígbà tó jí, gbẹ táútáú.

"Ẹ tún ti làágùn," ló wí.

Ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé, fọwọ́ pa ìpàkọ́. Irun ibẹ̀ tutù. "Bóyá orí mi ti gbaṣẹ́ òru láìsọ fún mi, Ìyá Sítáàṣì."

Òun ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí aṣọ tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ lè dá dúró. Lọ́jọ́ mìíràn, ìyàwó náà ì bá rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí ní í máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti gbálẹ̀, á ti nu ọkọ̀, kí ìyàwó tó lajú. Ní báyìí, níbi tó dùbúlẹ̀ sí ni ìyàwó ń bá a láràárọ̀, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, á máa wò ó.

Kò sí ohun tí kò ṣe. Ó kó irọ̀rí fóòmù dà nù, ó ra olówùú méjì, ó fi àpò funfun kan náà bo méjèèjì. Ó gé irun ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gba ata àti tíì gbígbóná kúrò lẹ́nu rẹ̀ lálẹ́. Ó yí fáànù kọjú sí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ni irọ̀rí tutù jù lọ. Nígbà tó di alẹ́ kejì, ọkùnrin náà rọra yí fáànù padà sọ́dọ̀ ìyàwó, ó ní atẹ́gùn ń dun òun létí.

Ìyá Sítáàṣì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá obìnrin tó ń ta oògùn ní òdìkejì títì.

"Ó lè jẹ́ ooru yàrá," obìnrin náà ní. "Ó lè jẹ́ ìrònú, tàbí oògùn kan tí wọ́n ń lò, tàbí ṣúgà tó ń lọ sílẹ̀ lójú oorun." Ó sún mọ́ ọn. "Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má jókòó tì í o. Ẹ mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti lè yẹ̀ wọ́n wò."

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lọ́fun Ìyá Sítáàṣì mọ́. Ìrònú ọkọ ń jẹ ẹ́ lẹ́ran ara. Píìnì ló fi ń di yẹ̀rì mọ́ ìbàdí. Bó bá ń lọ aṣọ, ooru áyọ́ọ̀nù á há a lọ́fun, á wúkọ́, á tún máa bá iṣẹ́ lọ. Ojú oorun pàápàá kò jẹ́ kó simi: ìyá rẹ̀ tó ti kú ló ń rí, tó ń fi tówẹ̀lì nu orí rẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Òkú kì í ṣàdédé yọjú. Ó dá a lójú pé ọkọ òun ni ìyá òun wá mú.

Ilé ìwòsàn ni ìyá náà kú sí: ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, gbígbé ni wọ́n gbé e jáde. Látìgbà náà ni ọmọ ti búra pé abẹ́rẹ́ kankan kò ní kan ara òun láéláé. Nígbà tí eyín ń dùn ún, okùn ló so mọ́ ọn tó fi fà á yọ. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nígbà náà, etí dídi ló kọ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ara ẹni.

"À ń lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí," ó ní.

"Mo ti gbọ́," ọkọ rẹ̀ dáhùn. Ó ti wọ bàtà. "Àmọ́ o ò ní dá mi dá àwọn dókítà níbẹ̀ o."

Nígbà tí ìyàwó gba káàdì dé ní ilé ìwòsàn, ó bá ọkọ rẹ̀ àti dókítà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Dókítà fa àga kejì síta fún un.

"Ẹni méjì tó ń sùn lórí ibùsùn kan, méjèèjì là ń yẹ̀ wò," dókítà wí.

Ìyá Sítáàṣì fà sẹ́yìn. "Èmi kọ́ ni mò ń ṣàìsàn."

Ọkọ rẹ̀ dìde. "Ó dáa. Ká máa lọ sílé. Ohun tó bá fẹ́ ṣe mí kó ṣe mí."

Obìnrin náà wò ó títí. Ẹ̀rù ń bà á. Ó jókòó, ó dijú, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì, wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn, wọ́n ya àwòrán àyà wọn.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìwé méjì ló wà níwájú dókítà. Ìyá Sítáàṣì kò jẹ́ kó mí kó tó fọ̀rọ̀ pàdé rẹ̀.

"Èmi ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún, ẹ jọ̀ọ́, dókítà. Àyà wọn kò le tó tèmi."

Dókítà wo ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà mi orí pé ó dáa.

"Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ṣùgbọ́n a tètè rí i. Oṣù mẹ́fà ni oògùn rẹ̀. Tí a kò bá fo ọjọ́ kan, á san pátápátá."

Ìyá Sítáàṣì bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú ṣinṣin. "Ṣé ẹ gbọ́? Á san! Ọwọ́ ara mi yìí ni n ó fi máa kó oògùn náà sí yín lẹ́nu. Ẹ ò ní fo ọjọ́ kan."

Ọkọ rẹ̀ mú páálí oògùn lórí tábìlì, ó já ti ọjọ́ kìíní, ó kó o sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Má bínú sí mi: irọ̀rí tìrẹ ni mò ń gbé sábẹ́ orí mi láràárọ̀ kí o tó jí."