Páwà Tó Fúyẹ́ Lọ́wọ́ Bàbá Ọládélé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka èyí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí àwọn ènìyàn fi ohun iyebíye sí lọ́wọ́.

1.

Akínlolú ń ya fídíò ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn olówó kan dé láti gba ilẹ̀ kòkó àwọn ará Abà Ọlọ́sàn, lẹ́yìn Emùré, Akínlolú ni Dorcas sá wá bá. Tíṣà ni Dorcas. Bàbá Ọládélé ló bí bàbá rẹ̀, bàbá yìí nìkan ló sì kù láyé nínú àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn gbin pèrègún sí ààlà ilẹ̀ náà.

Odidi wákàtí méjì ni bàbá fi rìn yí oko ká, tó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí pèrègún kọ̀ọ̀kan, tó ń dárúkọ ẹni tó gbìn ín. Akínlolú ya gbogbo rẹ̀. Lọ́yà àwọn ará abà ní kí wọ́n gbé e wá sí kóòtù.

"Bùrọ̀dá Akín," ni Dorcas wí, "fídíò yìí ni ilẹ̀ wa. Bó bá sọnù, a ti sọnù nìyẹn."

"Tíṣà, fọkàn balẹ̀. Ṣé o ò mọ ọwọ́ ẹni tó wà ni?"

2.

Àkókò yẹn gan-an ni Akínlolú ń to kọ̀ǹpútà tuntun. Ó fẹ́ àpótí onígíláàsì. Ó fẹ́ kí fáànù, bọ́ọ̀dù àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ máa tan iná, kí wọ́n jọ máa pa àwọ̀ dà lẹ́ẹ̀kan náà, láti pupa sí búlúù, láti búlúù sí àwọ̀ ewé.

Gbọ́láhàn tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà gbé páwà dúdú kan síwájú rẹ̀. Páwà ni ẹ̀rọ tó ń pín iná fún gbogbo ìyókù.

"Èyí ló lè gbé káàdì àwòrán ńlá tí o rà. Kò ní iná lára, ṣùgbọ́n ó lágbára."

"Kò ní iná? Kí ojú kan wá dúdú nínú gíláàsì mi bí eyín tó ká?"

Gbọ́láhàn rẹ́rìn-ín, ó sì mú òmíràn jáde. Iná yí i ká. Agbára tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ bá ti dúdú yẹn mu. Gbọ́láhàn mọ̀ pé irọ́ ni. Ó tà á.

3.

Bàbá Ọládélé wá tọ́jú ojú ní Ìkẹ́rẹ́. Dorcas mú un yà sí ṣọ́ọ̀bù kí ó wo ara rẹ̀ nínú fídíò. Àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ṣì wà lórí tábìlì. Bàbá gbé páwà náà.

"Kí ni uṣẹ́ èyí?"

"Bàbá, òun ló ń bọ́ gbogbo àwọn yòókù."

Bàbá tún un gbé, ó mì í. "Ọmọ mi, ó fúyẹ́ jù. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń gbé kòkó lọ́wọ́. Èyí tí ọ̀kẹ́rẹ́ ti jẹ n'unú, ìta rẹ̀ á ṣì pọ́n rẹ́súrẹ́sú."

Akínlolú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá, kọ̀ǹpútà kì í ṣe kòkó o!"

Dorcas kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ti inú mẹ́mórì káàdì kámẹ́rà yín rẹ́."

"Mo gbọ́."

4.

Kò gbọ́. Ó kó fídíò sínú kọ̀ǹpútà tuntun, ó ta láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó kọ́kọ́ kó o sí, ó fi ra fáànù méjì sí i. Ó pa ti inú mẹ́mórì káàdì rẹ́ nígbà tó fẹ́ lọ ya ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀rẹ́ ń wá wo iná rẹ̀, wọ́n ń pariwo.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Bàbá Ọládélé kú.

Dorcas pè é, ẹkún kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dáadáa. "Ohùn bàbá ti kù sọ́wọ́ yín nìkan. Ṣé ó wà níbòmíràn?"

"Ó wà níbi mẹ́ta," ni Akínlolú wí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà á. Kọ̀ǹpútà náà a kàn kú fúnra rẹ̀. Bó bá sún mọ́ ọn, òórùn kan a máa jáde, bíi rọ́bà tó jóná. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé, "Lọ́la, màá ra fíláàṣì, màá kó o síbẹ̀."

5.

Ó ku ọjọ́ méjì kí kóòtù jókòó. Ọ̀sán Sátidé ni. Akínlolú ra fíláàṣì nígbẹ̀yìn, ó tì í bọ ara kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da fídíò náà kọ. Ó dé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dé ogún.

Gbogbo iná di pupa. Wọn kò pa àwọ̀ dà mọ́.

Ó gbọ́ "pàù!" Èéfín bo gíláàsì. Ó fa wáyà yọ, ó ki ọwọ́ bọ inú àpótí láti yọ ibi tí fídíò wà, ọwọ́ rẹ̀ bó. Àwọn ohun tó yọ jáde ti yọ́ mọ́ ara wọn, èyí tó sì ti wọ fíláàṣì kò ṣe é ṣí.

"Bàbá, ẹ dákun!" ló ń ké, bí ẹni pé òkú lè gbọ́.

6.

Ní kóòtù, lọ́yà yíjú sí Dorcas. Dorcas yíjú sí Akínlolú. Akínlolú ń wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Dorcas àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi padà dé abà lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ̀bi, àwọn olówó náà ti fa pèrègún tu. Dorcas kò bú Akínlolú. Ó kàn bi í pé, "Níbi mẹ́ta wo?"

Akínlolú tú páwà náà wò. Wáyà tín-ín-rín díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ìyókù ṣófo, bíi kòkó tí ọ̀kẹ́rẹ́ ti jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lẹ irọ́ mọ́ ara ọjà, ẹ mọ̀ pé ilé àti oko ènìyàn lẹ ń jó. Ìwọ tó ń kà á, páwà ni kí o kọ́kọ́ rà, iná ọ̀ṣọ́ ni kí o rà kẹ́yìn. Bí àgbà bá ní nǹkan fúyẹ́, gbé e wò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rí àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ, má fi sí ojú kan ṣoṣo. Dà á kọ lónìí, má dúró de ọ̀la. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.