Ohun Tí Rédíò Rájí Wí

Rárá o, rédíò kọ́ ló parọ́. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ò sí l'Ẹ́dẹ lọ́jọ́ náà. Rédíò tí ò lanu, báwo ló ṣe máa parọ́? Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe rí.

Ayé sójà ni, ọdún tí èèyàn ń tò sórí ìlà látàárọ̀ dalẹ́ nítorí ọṣẹ kan ṣoṣo. Páànù di góòlù. Kẹrosíìnì wọ́n débi pé àtùpà gbàgbé òórùn ẹ̀. Ẹni tó bá ní bátìrì mẹ́ta lọ́dún yẹn, olówó ni.

Rájí ní mẹ́ta. Àgbẹ̀ ni, ọ̀nà Alajue loko ẹ̀ wà, òun nìkan ni rédíò ẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ ládùúgbò. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí láti Ìbàdàn, èrò á ti pé síwájú ilé ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sá èlùbọ́, Rájí ló máa bi. Ẹni tó fẹ́ fọ aṣọ, Rájí ni. Ewúrẹ́ pàápàá kì í jáde tí ò bá tíì gbọ́ tẹnu ẹ̀. Rájí Ojú-Ọjọ́ ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ.

Tó bá gbọ́ tán, á yọ bátìrì, á tò wọ́n sórí ìgànná kúkurú tó wà láàárín ilé ẹ̀ àti ilé Jacob káfíńtà, kóòrùn lè dá agbára wọn padà. Ẹni tó bá ní bátìrì ládùúgbò, ibẹ̀ ló ń sá a sí. Oríṣi kan ṣoṣo ló ń wọ̀lú, gbogbo wọn jọra bí ìbejì.

Nínú oṣù kẹta, àkọ́rọ̀ òjò rọ̀. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́ lọ́jọ́ kejì, Àdùnní, ìyàwó Jacob, ti ní ìgbín kún agbada kan tó fẹ́ tà. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Rájí ki bátìrì bọ rédíò, rédíò ṣe kẹ̀ẹ̀, ó dákẹ́. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó fi eyín tẹ bátìrì níkọ̀ọ̀kan. Ẹnu yà á, torí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó rà wọ́n.

Ibẹ̀ ló wà tí Jacob fi yọrí lókè ìgànná, tòun ti òòlù.

"Bàbá Sàdíátù, ẹ káàárọ̀ o. Kí ni rédíò wí?"

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ ṣí páànù. Igi abẹ́ ẹ̀ ti jẹrà, mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀. Tíjì bá ń bọ̀, ẹ sọ, kí n sinmi."

Èèyàn mẹ́rin ti dúró, wọ́n ń retí. Rájí ò tíì sọ pé òun ò mọ̀ rí láyé ẹ̀. Ó fún ojú pọ̀.

"Wọ́n ní kò séwu. Oòrùn ni dalẹ́. Atẹ́gùn díẹ̀ láti apá gúúsù, tí ò lè ṣí fìlà lórí."

"Ojú-Ọjọ́! Ẹ ṣé o!"

Nígbà tó di aago mẹ́rin, ọ̀run ọ̀nà ìlú Ara dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìjì náà ò kan ilẹ̀kùn. Páànù Jacob gbéra bí àṣá, ọ̀kan balẹ̀ sí ìlú Awo, wọ́n ní adìẹ kan wà lórí ẹ̀ tó ti yé ẹyin méjì lọ́nà. Gbogbo ìlú fìyẹn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Àdùnní sá wọlé lọ gbé àbígbẹ̀yìn ẹ̀, igi òrùlé já lé e lórúnkún. Ọmọ ò fara pa. Ẹsẹ̀ yẹn ò tọ́ mọ́ láéláé.

Oúnjẹ kọ Rájí. Tílẹ̀ bá ti mọ́, á máa gbọ́ ìrìn Àdùnní lódìkejì ìgànná: gì, wọ́ọ́, gì, wọ́ọ́. Ó fi àkísà di rédíò, ó tì í sábẹ́ ibùsùn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, òun tó jẹ́ àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ fún Jacob nínú erùpẹ̀.

"Jacob, irọ́ ni mo pa fún ọ. Rédíò ò sọ nǹkan kan. Bátìrì ló kú, ojú sì tì mí."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Jacob. Ó wo ìgànná títí.

"Ẹ dìde, Bàbá Sàdíátù."

"Bú mi. Ó kéré tán, bú mi!"

"Ẹ dìde, mo ní. Kí la fẹ́ bú ara wa fún?"

Àdùnní bínú jáde. "Ẹnu tó ní kò séwu yẹn, ewu ni yóò máa jẹ!"

"Àdùnní, ó tó," ni Jacob wí, kò sì gbójú sókè.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ fi Jacob wàásù: ẹ wo ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń dárí jini. Jacob dìde, ó jáde kí wọ́n tó ṣe àmín. Wọ́n ní àánú ló pọ̀ lójú ẹ̀.

Rájí ṣí páànù méjìlá lórí ilé ara ẹ̀, ó fi bo ti Jacob. Ọdún méjì lòjò fi pa á lórí ẹní. Bíṣu tuntun bá sì ti jáde, ogún á gorí ẹ̀, á gbé e lọ fún Jacob fúnra ẹ̀. Sójà kan lọ, òmíràn dé. Àdùnní kú. Rájí ò yẹ ọdún kan. Jacob á ní ó tó gẹ́ẹ́, Rájí á ní kò tíì tó. Lánàá ló gbé tọdún yìí wá. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, mẹ́ta péré lágbára ẹ̀ ká, ó sì sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó kọjá ìgànná kúkurú yẹn.

Inú tọ́ọ̀ṣì tí èmi Jacob fi ṣa ìgbín lóru ọjọ́ àkọ́rọ̀ òjò yẹn ni bátìrì Rájí wà, èyí tó ti ń kú lọ nínú tèmi ni mo fi rọ́pò ẹ̀ lórí ìgànná, mo ní ó ṣì máa tó gbọ́ ìròyìn ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi se ọ̀kan nínú iṣu mẹ́ta yìí, ebi ń pa mí.