Òkété Gberin Lábẹ́ Ilẹ̀

Àlọ́ mi rìn títí, ó yà sílé Awóko olórin.

Ẹ̀yìn ọgbà ni gbogbo ẹranko ti ń jí orin rẹ̀ gbọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ní kí kálukú máa mú ẹ̀kùrọ́ kan wá lóṣù, kó wọlé jókòó, gbogbo wọn wọlé. Òkété nìkan ló gbẹ́lẹ̀ dé abẹ́ àga.

Awóko dá orin: "Ta ló wá gbọ́ mi o?"

Wọ́n gbè é: "Èmi rèé, tèrérè!"

Orin dùn, Òkété gbàgbé ara rẹ̀, òun náà gbè é lábẹ́ ilẹ̀: "Èmi rèé, tèrérè!"

Wọ́n gbọ́ ohùn náà lábẹ́ àga. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ̀kùrọ́ rẹpẹtẹ ló kọ́kọ́ tú jáde, kí Òkété tó yọjú.

Awóko ò bínú. Ó ní, "Ẹ sún fún un, kó jókòó."

Òkété ò lè jókòó. Ìtìjú yẹn ni kì í jẹ́ kó jáde lọ́sàn-án.