Ajá Kẹta Tí Clarrie Fi Pamọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ wá fò ó. Ẹ kà á tán. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà tí káńsù wa ń kó ajá tó sọnù sí, níbí ní Victoria, ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Irú ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í sọ lẹ́nu, ni mo fi ní kí n kọ ọ́. Bóyá ẹnì kan á gbọ́.

1.

Clarrie ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Òun àti ajá rẹ̀ méjì ni wọ́n jọ ń gbé. Nígbà tí ikú ń bọ̀ wá mú Merle, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó di ọwọ́ Clarrie mú.

"Tansy ajá mi ńkọ́? Má jẹ́ kó dèrò ọgbà káńsù o."

"Ṣé o ò mọ̀ mí ni? Ilé mi ni yóò kú sí."

Tansy ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ìbàdí ń dùn ún. Bí ajá ṣe di mẹ́ta nílé Clarrie nìyẹn.

2.

Lọ́dọ̀ wa, ajá méjì lòfin gbà nínú ilé kan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀kẹta á gbàwé àṣẹ. Kò le rárá: ẹ kọ fọ́ọ̀mù, ẹ san owó díẹ̀, kí aládùúgbò tọ̀tún tòsì sì buwọ́ lù ú. Tọ̀tún buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀. Tòsì ni Voula, ìyá àgbà ará Gíríìsì kan. Ọdún mẹ́rin ni òun àti Clarrie ò ti kí ara wọn, torí pé Clarrie gé ẹ̀ka igi òroǹbó Voula tó yọ sínú ọgbà tirẹ̀.

"Kí èmi lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Voula, kí n máa bẹ̀ ẹ́? Láéláé!"

Bó ṣe ti fọ́ọ̀mù bọ abẹ́ tìmùtìmù nìyẹn. Nígbà tó yá, òṣìṣẹ́ káńsù ń kiri ojúlé dé ojúlé.

"Ajá mélòó lẹ ní, ọ̀gbẹ́ni?"

"Méjì péré."

Tansy wà ní yàrá ìfọṣọ, kò gbó rárá. Clarrie buwọ́ lùwé pé méjì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ibẹ̀ ló ti bà jẹ́.

3.

Ìjì ńlá kan jà, ó já ilẹ̀kùn ọgbà, ẹ̀rù ba Tansy, ó sì sá lọ. Ẹnì kan rí i lójú títì, ó mú un wá bá wa. Nọ́ńbà fóònù Merle tó ti kú ló ṣì wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. A pè é pè é, kò lọ. A gbé fọ́tò ajá náà sójú ìkànnì káńsù. Ọjọ́ mẹ́jọ lòfin fún olówó rẹ̀ láti wá mú un.

Clarrie rí fọ́tò náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Neville ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Dìde, lọ mú un!"

"Kí n ní kí ni? Mo ti buwọ́ lùwé pé méjì ni. Wọ́n á ní òpùrọ́ ni mí."

"Ṣé o ò purọ́ ni?"

"Gbẹ́nu dákẹ́ jàre. Wọ́n lè gba àwọn méjì tó kù. Ẹlòmíì á mú un."

Ta ni yóò mú arúgbó ajá tí kò lè gun àtẹ̀gùn? Lọ́jọ́ kẹrin, ó kọ oúnjẹ. Mo fi ọwọ́ já adìyẹ fún un, ó lá mi lọ́wọ́, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, dókítà ẹran wò ó, ó mi orí, ó sì fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ. Orí itan mi ló kú sí.

4.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Clarrie dé, ó ti fárùngbọ̀n, fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìlérí tóun ṣe fún Merle ò jẹ́ kóun sùn.

"Mo wá mú Tansy."

"Bàbá, ẹ ti pẹ́ jù."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé ẹ máa fìyà jẹ mí."

"Owó ìtanràn díẹ̀ ni, Bàbá. À bá fún yín lóṣù kan láti fi parí fọ́ọ̀mù yẹn."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tó padà délé, Voula nawọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Clarrie fúnra rẹ̀ ló padà wá sọ fún mi.

"Clarrie, ajá kẹta dà? Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́."

"O mọ̀ pé mẹ́ta ni?"

"Ṣé etí mi di ni? Ṣebí èmi ni mò ń ju ẹran sí i bí o bá ti jáde."

Ló bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Voula gba fọ́ọ̀mù náà, ó fi ìka wá ibi tí orúkọ rẹ̀ wà.

"Ibí yìí nìkan ló yẹ kí n buwọ́ lù?"



Ẹ̀yin tí ẹran ọ̀sìn yín ju iye tófin gbà lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ gbàwé. Ẹ yí nọ́ńbà olóògbé padà sí tiyín. Bí ẹ bá sì ti purọ́, ẹ tètè wá jẹ́wọ́. Ojú á tì yín díẹ̀, àmọ́ ẹ ó mú ajá yín relé. Ẹ má jẹ́ kí ìjà igi òroǹbó pa ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Ẹ̀yìn ọ̀ràn ni àbámọ̀ ń wá. Gbogbo òtòkùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.